Ọkà Bàbà Kò Sí Nínú Ìtàn Náà

Nígbà tí mo dé Dublin, olú-ìlú Ireland, ilé-iṣẹ́ Guinness ni àwọn tó gbà mí lálejò ní kí n kọ́kọ́ lọ wò. Èmi kì í mu ọtí. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń rí orúkọ yìí lára ìgò nílé wa, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí bí wọ́n ti ń rọ ọtí sínú ìgò.

N kò rí ìgò kan tí wọ́n ń rọ ọtí sí. Ilé alájà méje tí wọ́n ń mú àlejò wọ̀ kì í ṣe ibi iṣẹ́ mọ́. Wọ́n kọ́ ọ parí ní 1904, ọtí hó nínú rẹ̀ títí di 1988, ní 2000 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣàfihàn. Ìtàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ìtàn náà sì dùn, n kò ní purọ́. Ìwé tí Arthur Guinness fọwọ́ sí ní 1759, pé òun yóò máa san £45 lọ́dún fún ọdún 9,000, wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. (Ọdún 9,000! Mo dúró, mo rẹ́rìn-ín.) Fíìmù àwọn tó ń kan àgbá ló wù mí jù: ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn pákó. Wọ́n fi oníṣẹ́ ọwọ́ ayé àtijọ́ hàn wá. Ti àwọn tó ń pọn ọtí lẹ́yìn ògiri lónìí, a kò rí wọn.

Ibi tí wọ́n ti ka ohun tí a fi ń pọn ọtí náà ni mo ti ní ìjà pẹ̀lú ìtàn wọn. Mẹ́rin ni wọ́n kà: omi, ọkà báálì, òdòdó hops àti ìwúkàrà. Wọ́n ti ń pọn ọtí kan náà ní Ìkẹjà láti 1962. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn apọntí gbá mú, ọkà bàbà kan náà tí àwọn ìyá fi ń pọn bùrùkùtù. Èròjà dúdú tó ki, tí wọ́n sè ní Dublin, ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ láti pò mọ́ ọtí tí a fi ọkà tiwa pọn. Ìyá méjì ló bí ọtí náà; ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dárúkọ fún àlejò.

Ní àjà òkè pátápátá, mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bu ọtí léèrè ọkà bàbà. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí, pé báwo ló ti rí. Mo gbé ife mi fún aládùúgbò mi, mo na ọwọ́ sókè láti fi gíga rẹ̀ hàn án.