Ẹjọ́ Ṣúgà Nínú Ìwé Yudkin

Ní 1972 ni John Yudkin, onímọ̀ nípa oúnjẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ *Pure, White and Deadly* jáde. Ó di ẹ̀bi àrùn ọkàn ru ṣúgà (àwa tí a ń pe àtọ̀gbẹ ní ìtọ̀ ṣúgà ti dá a lẹ́bi tipẹ́). Lójú tèmi, ẹ̀sùn ìwé náà lágbára ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Ibi tí ó ti ta yọ ni ìròyìn bí àwọn oníṣòwò ṣúgà ṣe ń dí olùwádìí lọ́wọ́. Ní 2015, àṣírí irú rẹ̀ tú: Coca-Cola ni ó náwó lé ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ń tẹnu mọ́ eré ìdárayá ju oúnjẹ lọ. Eré ìdárayá ń ṣe ọkàn lóore lóòótọ́; ṣùgbọ́n ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo gba nǹkan bí ìdajì wákàtí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ ọ̀hún tú ká.