Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìdòwú àti Ìjọ Tí Ó Ń Wá

Ní ọdún 1913, ọdún kan náà tí a bí Emmanuel Bọ́lájí Ìdòwú, ọmọ Ìkòròdú, ni Wòlíì William Wade Harris ti Liberia wọ Côte d'Ivoire pẹ̀lú aṣọ funfun, Bíbélì àti ọ̀pá tí ó ní àmì àgbélébùú. Àwọn Ebrié, tí wọ́n ni Anoumabo àti àwọn ìletò etí ọ̀sà mìíràn ní Abidjan, wà lára àwọn tí ó gba ìwàásù rẹ̀. Ó gbà kí àwọn onígbàgbọ́ tuntun máa fi ohùn orin ìbílẹ̀ wọn yin Ọlọ́run, bí wọ́n bá ti lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ohun tí Harris ṣe bẹ́ẹ̀, láì kọ ìwé lé e lórí, ni Ìdòwú wá fi ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ wádìí.

Ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tí ó jáde ní ọdún 1962, ni ó mú un lókìkí jù. Ó fi hàn níbẹ̀ pé Yorùbá ti mọ Ọlọ́run kí òyìnbó tó dé, ó sì fi orúkọ bí Ẹlẹ́dàá àti Ẹlẹ́mìí, òwe àti ẹsẹ Ifá ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí wọ̀nyí ni agbára ìwé náà. Okot p'Bitek, ọmọ Uganda, sọ ní ọdún 1971 pé irú àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ń fi aṣọ àwọn Gíríìkì wọ òrìṣà Afíríkà. Ọ̀rọ̀ náà le jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìdòwú sọ gbogbo òrìṣà di ìránṣẹ́ Olódùmarè. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá tẹ́tí sí oríkì Ṣàngó yóò mọ̀ pé ọba ni wọ́n ń kì níbẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ń lo ìwé yìí máa ka oríkì mọ́ ọn.

Ní ọdún 1965 ó tẹ ìwé mìíràn, tí ó fi béèrè ìjọ tí yóò ní ìrísí ilẹ̀ wa nínú orin àti ìsìn. Ìbéèrè tí ó yẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ọdún 1972, oyè Patriarch, oyè àwọn ìjọ ìlà-oòrùn ayé àtijọ́, ni òfin tuntun ọdún 1976 gbé wọ̀ ọ́. Àwọn kan kọ̀ ọ́, ìjọ sì pín sí méjì. Ìdòwú fẹ̀yìn tì ní ọdún 1984. Ó di ọdún 1990 kí ìjà náà tó parí, ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀.