Páálí Tí Ń Di Ara Rẹ̀

Ẹni tó bá ra ìgò ohun mímu mẹ́fà tí a dì pọ̀ nínú páálí kì í dojú rẹ̀ délẹ̀ wò. Á ti ìka bọ ihò méjì tó wà lókè, á gbé e, ó di ilé. Bí kò bá ti já lójú ọ̀nà, kò sí ohun tó tún fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, n kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n abẹ́ páálí yẹn ni owó oṣù mi ti ń wá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká jọ bẹ̀ wò lónìí.

Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó rí apá méjì tó pàdé lábẹ́ ìgò, tí ọ̀kan gun orí èkejì díẹ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sí okùn, kò sí wáyà. Ahọ́n kéékèèké ló wà lára apá kan, ihò ló wà lára èkejì. Ahọ́n ti gba ẹnu ihò wọlé, ó sì ti há síbẹ̀. Páálí náà kò nípọn tó ìdajì mílímítà. Ìgò mẹ́fà tí ohun mímu kún inú wọn sì lè wọ̀n ju kílò 3 lọ. Kí ló wá ń mú ẹrù yẹn dúró?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ahọ́n ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń di páálí bẹ́ẹ̀ tí mò ń tọ́jú ní Àgbárá, tòkunbọ̀ ni. Yúróòpù ló ti wá, ìwé atọ́nà tó bá a wá sì jẹ́ èdè Jámánì láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, nítorí náà ojú la fi kọ́ ọ ju ìwé lọ. Páálí máa ń wọlé ní pẹlẹbẹ. Rọ́bà kéékèèké tí ń fi afẹ́fẹ́ mu nǹkan á ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lórí òkìtì, á gbé e lé àwọn ìgò lórí, ọrùn ìgò á sì yọ jáde nínú ihò tí a gé fún un. Ìgò kò dúró o. Ó ń lọ, páálí ń bá a lọ. Lọ́tùn-ún lósì, irin gígùn wà tí wọ́n tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ síwájú. Bí páálí bá ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, irin náà á máa tẹ ẹ̀gbẹ́ páálí wálẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Irin mìíràn á wá ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ ìgò. Àwọn irin wọ̀nyí kì í mira. Wọn kò ní mọ́tò, wọn kò ní ṣéènì, kò sí ohun tó ń yí lára wọn. Páálí fúnra rẹ̀ ló ń rìn lọ ká. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń mú àlejò lọ, wọn kì í sì í rí ohun tó jọ wọ́n lójú níbẹ̀. Ìka irin tó ń gún ahọ́n wọ ihò ni gbogbo wọn ń fẹ́ rí.

Kí ìka yẹn tó gún nǹkan kan, iṣẹ́ mìíràn ti ṣáájú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ihò tí ahọ́n ń wọ̀, ihò mìíràn tún wà lábẹ́ páálí, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ẹni tó ń ra ohun mímu kì í mọ ohun tí wọ́n wà fún. Irin kéékèèké á ti ìsàlẹ̀ yọ wọ inú wọn. Ti ọ̀tún á máa sún sí òsì, ti òsì á máa sún sí ọ̀tún, wọ́n á fa apá méjèèjì mọ́ra títí páálí yóò fi di ara ìgò mú pinpin. Ìgbà yẹn gan-an ni ahọ́n àti ẹnu ihò tó bọ́ sójú kan náà. Bí wọn kò bá fà á tó, ahọ́n ò ní ko ihò, ìka á sì gún ibi tí kò yẹ. Bó tilẹ̀ wọlé, páálí á ṣì dẹ̀, ìgò á máa gbá ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n á sì máa ja ahọ́n títí yóò fi yọ.

Obìnrin tó mọ ìró ró kì í kọ́kọ́ fi etí rẹ̀ há ẹ̀gbẹ́. Á fà á yí ìdí, á fún un, lẹ́yìn náà ni á wá fi há. Bí kò bá fà á, kò sí bó ṣe lè fi há tó, yóò tú mọ́ ọn lára lójú agbo. Fífà yẹn ni agbára. Ohun tí fífà bá mú wá ni ahọ́n kàn ń bá wa tọ́jú.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Bí páálí bá ń tú lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

“Ọ̀gá, ahọ́n ò wọlé tó o. Ṣé kí n gbé ìka yẹn sókè sí i?”

“Má fọwọ́ kàn án. Mú páálí yẹn wá, ká wo ihò tí wọ́n fi ń fà á.”

Etí ihò yẹn kì í parọ́. Bí irin bá fà á bó ṣe yẹ, ẹ ó rí àmì títẹ̀ kékeré níhà kan ṣoṣo, níhà tó kọjú sí àárín, páálí kò sì ní ya níbẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá dán yípo, tí kò sí àmì kankan, irin kàn wọlé ó jáde ni, kò fa nǹkan kan. Bó bá sì ti ya, tí òwú inú páálí ń yọ ṣòròṣòrò, irin ti fà á ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ìgò ọjọ́ yẹn sanra díẹ̀ ju ti àná lọ. Ìgò kì í dọ́gba tán. Ẹni tó bá ń fi sípánà lé ahọ́n kiri láì wo ihò, títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn á fi ṣú ni yóò máa lé e.

N kò torí ìyẹn sọ pé ahọ́n kò ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì fẹ̀ ju ẹnu ihò tó fẹ́ wọ̀ lọ. Orí yẹn ní etí lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ti tẹ ìlà síbi tí etí ti so mọ́ orí, ìlà tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní kírísì, kí páálí lè mọ ibi tí yóò ti ká. Bí ìka bá tì í, etí méjèèjì á ká sẹ́yìn, orí á sì rí ọ̀nà kọjá. Bó bá ti kọjá tán, etí á tún là sílẹ̀, ó parí nìyẹn, kò lè gba ibi tó gbà wọlé jáde mọ́. Bí ìgò bá ṣe ń fẹ́ ya abẹ́ páálí sọ́tọ̀ tó ni èjìká ahọ́n ń tì mọ́ ẹnu ihò tó. Àwọn páálí mìíràn tún ní ahọ́n kejì tí kò gbé ẹrù kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó má jẹ́ kí èkíní sún padà.

Bí ìka ṣe ń wọlé tó sì ń jáde ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀rọ yìí. Ẹ rántí pé ìgò kò dúró. Ẹ̀rọ tó bá ń di 200 páálí ní ìṣẹ́jú kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ìka gbọ́dọ̀ bá páálí dọ́gba, kó wọ̀ ọ́, kó bá a rìn díẹ̀, kó sì jáde láì fa ohunkóhun ya. Bí a bá so ìka mọ́ ara kẹ̀kẹ́ irin gbọin, bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń yí ni òun náà á máa fì: á fì síhà kan nígbà tó bá ń wọlé, á fì síhà kejì nígbà tó bá ń jáde, á sì máa ha etí ihò lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, àwọn tó ṣe tiwa kò so ó gbọin. Wọ́n fi í kọ́ sára kẹ̀kẹ́ kó lè mì, wọ́n wá fi irin mìíràn dì í mú lẹ́yìn, irin tí ọ̀nà tó ń gbà yí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ á yí ká, ìka á ṣì nàró ṣánṣán. Á gòkè nínàró, á wọ páálí nínàró, á sọ̀kalẹ̀ nínàró. Nígbà tí iná bá lọ, tí a ń dúró de jẹnẹrétọ̀, ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ náà jẹ́jẹ́ kí n lè wò ó. Kì í sọ nǹkan kan. Èmi náà ń yí i fún àwọn ọmọ tèmi báyìí, ṣùgbọ́n èmi máa ń rojọ́ sí i, n kò lè pa á mọ́ra.

Kírísì tí mo dárúkọ yẹn ni ìyá gbogbo rẹ̀. Robert Gair, ọmọ Scotland tó ń ṣe àpò bébà ní Brooklyn lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ni ìtàn rẹ̀ ń tọ́ka sí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ní 1879, irin kan tó yẹ kó kàn tẹ ìlà sára àpò yọ sókè díẹ̀ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì gé àpò rẹpẹtẹ bàjẹ́. Ẹlòmíràn ìbá ka àdánù rẹ̀ kó sì lé ọmọ iṣẹ́ lọ. Gair rí i pé bí irin tó ga bá ń gé, tí èyí tó kúrú sì ń tẹ ìlà, ohun tó kù kò ju kí a to méjèèjì sórí pátákó kan lọ, kí páálí jáde ní gígé àti ní títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni pátákó yẹn, tí à ń pè ní dáì, ṣe rí títí di òní. Nígbà tó máa fi di 1923, Coca-Cola ti ní páálí ìgò mẹ́fà tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé lọ sílé.

Ohun tí ìwé atọ́nà kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni ojú ọjọ́ wa. Páálí tiwa, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, òwú igi ni, òwú náà sì gùn nítorí igi páìnì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń ṣe páálí, òwú máa ń sùn síhà ibi tí ẹ̀rọ ń fà á lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń le níhà kan ju ìkejì lọ. Bó bá sì mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú níbùú ju bó ṣe ń wú lóròó lọ. Nínú òjò, á ṣẹ́ kọ́ọ́rọ́, rọ́bà afẹ́fẹ́ kò ní rí ojú pẹlẹbẹ mú. Nínú ọyẹ́, á gbẹ, kírísì á máa sán, ẹ ó gbọ́ ọ tó bá ń ká. Kò sí sípánà tó ń wo èyí sàn. Ẹ má tú ọ̀rá tí wọ́n fi wé páálí títí dìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ sì má gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí òjò ti ń fẹ́ wọlé. Àwọn tó ń tọ́jú ìsọ̀ ẹrù kì í fẹ́ gbọ́ èyí náà.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí a ò kúkú fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù dára ní tirẹ̀. Páálí ìyẹ̀fun, páálí oògùn, ohun tí eruku àti kòkòrò kò gbọ́dọ̀ wọ̀, gọ́ọ̀mù ló tọ́ sí i, ahọ́n kò lè dí i. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbóná tó 160 sí 180 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kó tó ṣàn dáadáa. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, á dì, á tún yọ́, á jóná sẹ́nu ihò rẹ̀, ẹ ó wá máa fi wáyà yọ ọ́. Ahọ́n kò mọ̀ bóyá iná lọ. Bí iná bá dé, a ó yọ páálí tó há sábẹ́ ìka, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá ló ń bá ahọ́n jà gan-an, nítorí owó rẹ̀ kéré, òun náà sì ni ẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ ìgò àti agolo nígboro Èkó. N kò ní ohun rere tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Láti Oṣù Kìíní 2024 tí ìjọba Èkó ti fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń di oúnjẹ sí, ahọ́n ti ń rí iṣẹ́ tuntun ní Ṣómólú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ ń ṣe páálí oúnjẹ tí olóúnjẹ máa fi ọwọ́ ká fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀kan hàn mí. Gígé rẹ̀ mọ́, kírísì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ahọ́n àti ẹnu ihò dọ́gba ní fífẹ̀, nítorí náà bó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Mo ní kí ó dín ẹnu ihò kù, ó gbà. Mo tún ní kí ó gé ihò kékeré méjì sí i, níbi tí olóúnjẹ á ti fi ìka fà á fún kó tó ti ahọ́n bọlé. Ó wò mí.

“Ínjìníà, ẹ̀fọ́ rírò ni wọ́n fẹ́ dì sínú rẹ̀ o. Bí epo bá dé ihò yẹn ńkọ́?”

A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kí ó gbé ihò náà lọ sára ìdérí, níbi tí epo kò lè dé. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dára, ta ló máa san owó dáì tuntun?