Kí Ló Gbé Òrùlé Dúró? Lámèyítọ́ Lórí Ìsọdọ̀tun Kárafánì Kékeré Àtijọ́

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ lórí ọnà ohun èlò, pé ojú ni a fi ń dá kárafánì àtijọ́ mọ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tún un sọ láìpẹ́ yìí nínú àpilẹ̀kọ gígùn kan. Ó to àwòrán àwọn ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò ń wọ́ yìí jọ, ó fi bí orí wọn ṣe tẹ̀ àti bí fèrèsé wọn ṣe rí pín wọn sí ìdílé-ìdílé, ó sì parí rẹ̀ pé tí a bá ti mọ ìrísí, ohun tó kù kò ju ọ̀dà àti tìmùtìmù lọ. Mi ò gbà. Ẹ̀kọ́ yìí kò dúró sórí ìwé lásán. Àwọn tó ń tún kárafánì ṣe ń kà á, wọ́n sì ń fi í ba ohun tí kò ní àfirọ́pò jẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi kárafánì kékeré ni pé: kí ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró?

Ìbéèrè náà ṣe kókó nítorí ìṣòro kan ṣoṣo ló bí kárafánì kékeré, ìṣòro ìwúwo. Bí a bá fẹ́ kí mọ́tò kékeré ìgbà náà wọ́ ibùsùn, àdògán àti kọ́bọ́ọ̀dù gòkè, a gbọ́dọ̀ gé gbogbo ohun tí kò ṣiṣẹ́ kúrò. Títí dòní, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún awakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí kárafánì má wúwo ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo mọ́tò tó ń wọ́ ọ. Gbogbo ọgbọ́n ọnà tó wà nínú rẹ̀ wá láti ibẹ̀. Ẹni tó bá wo ìrísí nìkan ti gba ìdáhùn láìmọ ìbéèrè.

Ti ọ̀nà ìdámọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kárafánì kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà mọ́tò tó ń wọ́ ọ ni wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n tó dá ètò ìforúkọsílẹ̀ kárafánì tí wọ́n ń pè ní CRiS sílẹ̀. Èyí tó ti jáde ṣáájú ìgbà náà, ara rẹ̀ nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí. Àmì ilé iṣẹ́ ṣeé yọ, fèrèsé ṣeé pààrọ̀, ọ̀dà lè bo ohunkóhun. Nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin ṣaṣí, ìkọ́ tó so mọ́ mọ́tò, bíréèkì tó ń di ara rẹ̀ mú nígbà tí kárafánì bá ti mọ́tò láti ẹ̀yìn, páìpù gáàsì àtùpà tó ṣì wà nínú ògiri: ìwọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ kà. Kí a sì tún kà wọ́n pa pọ̀, torí ọ̀kan péré nínú wọn lè tan ni jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú kárafánì tó ń jẹ́ Sprite, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń yin kárafánì, Airstream ti Wally Byam ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí pé álúmíníọ̀mù rẹ̀ ń dán. Bí wọ́n bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cheltenham ni, nítorí pé àwọn olówó ló rà á. Ti Sprite, wọ́n á kọ ìlà kan pé ọjà olówó pọ́ọ́kú ni, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìwà àìtọ́ ni èyí sí Sam Alper. Alper, tí wọ́n bí ní 1924, tó sì kú ní 2002, gbé Sprite jáde ní 1949 kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò lówó kárafánì lè rí i rà. Láàárín àwọn ọdún 1950, ó fi mọ́tò wọ́ Sprite yí Òkun Mẹditaréníà ká, ìrìn nǹkan bí 16,000 kìlómítà, kí aráyé lè rí i pé ohun tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè lágbára. Ní 1960, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ra Eccles, ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe kárafánì láti ọdún 1919. Ọkùnrin tó mú kárafánì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò yẹ ní ẹni tí a ń fi ìlà kan sọ.

Kí ni Alper ṣe tí Sprite fi fúyẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀? Ẹ bá mi tú ògiri rẹ̀ wò. Níta ni páànù álúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́ wà. Nínú ni háádì-bọ́ọ̀dù wà. Láàárín méjèèjì ni igi férémù tó tínrín. Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ṣaṣí irin àti pátákó ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn káfíńtà wa ṣe ń kan ara bọ́lẹ̀kájà sórí ṣaṣí Bedford tí ọkọ̀ òkun gbé dé á tètè rí ìbátan: irin ní ìsàlẹ̀, igi lókè. Ṣùgbọ́n igi bọ́lẹ̀kájà nípọn, ó lè dá dúró fúnra rẹ̀. Férémù Sprite kò lè dá dúró. Bí a bá tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síta, ògiri á máa mì bí a bá fọwọ́ tì í.

Kí ló wá ń gbé e ró? Àpótí ibùsùn ni, tí wọ́n fi skúrúù dè mọ́ ilẹ̀ àti mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni, tó dúró láti ilẹ̀ kan òrùlé. Ìgànná tó ya ibi ìdáná sọ́tọ̀ ni. Ẹ wo ògiri tí ilẹ̀kùn wà: ihò ńlá ni ilẹ̀kùn jẹ́ nínú rẹ̀, òun ló sì rọ jù lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni kò jẹ́ kí igun rẹ̀ yẹ̀. Nínú kárafánì yìí, kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹrù ilé, eegun ni.

Níbi yìí ni àwọn atúnṣe ti ń ṣìnà. Wọ́n á ra Sprite tó ti jẹrà, wọ́n á tú inú rẹ̀ dà nù lọ́jọ́ kìíní nítorí pé háádì-bọ́ọ̀dù kò lẹ́wà lójú wọn, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan igi tuntun mọ́ ara tó ti yẹ̀ láì mọ̀. Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù tuntun kò bá wọlé sí ààyè rẹ̀ mọ́, wọ́n á dá káfíńtà lẹ́bi. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tú ohunkóhun; wọ́n á fi ọ̀dà ìgbàlódé kun páànù nígbà tí òjò ṣì ń gba etí rẹ̀ wọlé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí òjò bá ti wọlé, ẹ wá a lábẹ́ fèrèsé iwájú àti ní etí òrùlé, níbi tí wọ́n fi skúrúù kan irin tí wọ́n ń ki aṣọ àgọ́ bọ̀. Skúrúù irin tó gba inú álúmíníọ̀mù kọjá, bí omi bá wà láàárín wọn, álúmíníọ̀mù ni yóò jẹ. Eérú funfun tí ẹ bá rí yíká orí skúrúù ni ẹ̀rí rẹ̀. Lẹ́yìn páànù níbẹ̀, igi á ti dúdú. Ìka lásán á wọ inú rẹ̀. Igi náà gan-an ni kí a gé, kí a lẹ igi tuntun mọ́ èyí tó kù, kí kọ́bọ́ọ̀dù àti ibùsùn ṣì wà níbi tí wọ́n wà, kí ara má baà yẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni Eriba láti Jámánì, níbi tí àṣìṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti yàtọ̀. Erich Bachem, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti Erwin Hymer ló ṣe é ní ìlú Bad Waldsee. Àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1957, Puck tó kéré jù sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Bachem yìí kan náà ló ṣe Natter nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń yìn sókè bí rọ́kẹ́ẹ̀tì, tó pa Lothar Sieber tó kọ́kọ́ gùn ún lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1945. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Eriba fẹ́ràn ìtàn yìí. Wọ́n á ní férémù irin oníhò tí Eriba ní, láti ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ti wá. Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò. Igi ló pọ̀ jù nínú ara Natter! Irin kọ́ ni Bachem gbé wá láti inú ogun. Ìṣirò ìwúwo ló gbé wá, ìmọ̀ bí a ṣe ń bi ohun kọ̀ọ̀kan léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kí a tó gbà á wọlé.

Nínú Puck, àwọn irin oníhò tí wọ́n jó pọ̀ ló gbé òrùlé. Òrùlé náà kò ga, apá kan rẹ̀ ń gbéra sókè lórí aṣọ nígbà tí a bá dúró, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà kí atẹ́gùn má baà dí mọ́tò lọ́wọ́. Nítorí náà, òdì Sprite ni: ẹ lè tú kọ́bọ́ọ̀dù Puck síta, ara rẹ̀ kò ní mì. Ewu rẹ̀ wà níbòmíràn. Omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé á bá irin náà níbi tí ojú kò ti tó o, á máa dípẹtà nígbà tí álúmíníọ̀mù tó bò ó ṣì ń dán. Ẹni tó bá fi ìrísí nìkan dá a mọ̀ á ní ó dára, nígbà tí eegun rẹ̀ ti ṣófo.

 Àpẹẹrẹ kẹta ni Boler. Ray Olecko ló gbé e jáde ní Winnipeg, Kánádà, ní 1968. Ó ti fi fàíbà ṣe táńkì ìdọ̀tí rí kó tó fi í ṣe kárafánì. Ẹsẹ̀ bàtà 13 ni Boler. Ìlàjì méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n so pọ̀ ní àárín ara. Kò ní férémù igi, kò ní férémù irin. Àwọn tó jọ ọ́ sì pọ̀: Scamp ti Minnesota jọ ọ́ débi pé ojú lásán lè ṣi ìkan mú fún ìkejì. Kí ni ẹ̀kọ́ ìrísí fẹ́ sọ síyẹn?

Nínú Boler, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kàn mọ́ ògiri àti òrùlé wà lára ohun tó ń gbé òrùlé ró. Àwọn tó fẹ́ ibùsùn fífẹ̀ máa ń yọ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kúrò. Òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, òjò á dúró sínú kòtò náà, ihò rífẹ́ẹ̀tì á máa jò, ilẹ̀kùn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìrísí ara kò sì ní pa mọ́ dáadáa. Wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀, wọn kò sì ní ronú kan kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n jù nù.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ẹ̀bùn Alper àti ti Olecko kò sí níta. Wọ́n fún ohun kan ní iṣẹ́ méjì: ibi ìkóṣọ tó tún jẹ́ òpó, ibùsùn tó tún jẹ́ ìtìlẹ́yìn ògiri. Bí wọ́n ṣe borí ìwúwo nìyẹn. Àwọn tó ń fi igi líle olówó iyebíye àti pátákó nínípọn rọ́pò háádì-bọ́ọ̀dù Sprite, tí wọ́n ń pè é ní àtúnṣe tó ga, ń sọ iṣẹ́ yẹn di asán. Wọ́n rò pé àìní ló jẹ́ kí Alper lo ohun fẹ́lẹ́. Ìpinnu ni.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí a wọn kárafánì lórí òṣùwọ̀n kí a tó fọwọ́ kàn án. Kí a ya àwòrán ibi tí gbogbo skúrúù kọ́bọ́ọ̀dù wọ̀. Kí a fi háádì-bọ́ọ̀dù tó nípọn bíi ti àkọ́kọ́ ṣe é, kí a fi ọ̀dà di etí rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Kí a tún un wọ̀n nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ìwúwo rẹ̀ bá ti kọjá ohun tí mọ́tò kékeré tí wọ́n ṣe é fún lè wọ́, kárafánì tuntun ni, bó ti wù kó jọ Sprite tó, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ níbi àfihàn. Ti ẹlẹgbẹ́ mi, àtòjọ rẹ̀ lè wúlò bó bá padà sí i, tó ya inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó sì fi hàn wá ohun tó gbé òrùlé.