Àwọn Tó Ń Fi Rédíò Wo Dírónù

Iṣẹ́ àwọn tó ń fi rédíò kọ̀ǹpútà ṣọ́ òfúrufú wù mí púpọ̀. Etí kọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ ìgbì rédíò, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n á so HackRF One, ẹ̀rọ tí kò gùn ju fóònù lọ, mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Láti 1 MHz títí dé 6 GHz ló ń gbà. Sọ́fútíwíà á wá ya ìgbì náà sójú: ibi tó dákẹ́ á ṣókùnkùn, ibi tí nǹkan ti ń sọ̀rọ̀ á mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á máa ṣàn wálẹ̀ bí omi orí àpáta.

Dírónù ọjà sábà máa ń lo 2.4 GHz tàbí 5.8 GHz, Wi-Fi náà sì ń gbé ibẹ̀. Níbí ni ọgbọ́n wà. 20 MHz péré ni HackRF ń rí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ọ̀jáfáfá á máa gbá a kiri. Àmì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sinmi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fídíò tí dírónù ń fi ránṣẹ́. Èyí tó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn lè jẹ́ ti ẹni tó ń darí rẹ̀. Ọ̀jáfáfá náà á yí ẹ́ríálì, á wá ibi tí àmì ti le jù.

Ní Ìtàjí-Èkìtì, tí Wi-Fi kò pọ̀ tó ti Ìkẹjà, àjèjì àmì á tètè hàn, bí òkè kò bá dí i.

Rédíò RTL-SDR dínwó ju HackRF lọ, àmọ́ kò kọjá nǹkan bí 1.7 GHz, kò dé ibi tí dírónù wọ̀nyí ń lò. Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Fásitì Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́ tó wà ní Ìkọ̀lé, ẹ fi iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn ọmọ wa. Wíwò nìkan o, kì í ṣe dídí ìgbì ẹlòmíràn.