"Pucer", "bannir", "contourner": ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé mẹ́ta àti ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ

Gbólóhùn bíi "Wọ́n ti pucer rẹ̀, wọ́n wá bannir rẹ̀, a máa contourner rẹ̀" kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ géèmù ni wọ́n ń sọ. Yorùbá ni olùwà, Yorùbá ni àbọ̀, Yorùbá ni gbogbo ohun tó ń tọ́ka sí àkókò. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni Faransé. Àwa tí a ń kọ́ nípa àmúlùmálà èdè ti kọ ojú ìwé púpọ̀ lórí bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe dúró. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí yàtọ̀. Mo rò pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ń ṣe ojúrere kan fún ẹni tó ń lò wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà ní Faransé, kò sí ẹni tó máa bèèrè ẹni tó ni nǹkan tí a fọwọ́ kàn, tàbí ẹni tí ìyà rẹ̀ máa jẹ.

Ká mú "pucer" ná. "Puce" ni ègé kékeré tí àwọn oníṣẹ́ ń jó mọ́ inú PlayStation àti PlayStation 2 kí ó lè gba díìsìkì àdàkọ, àti díìsìkì tí wọ́n ṣe fún apá ibòmíràn láyé. Lónìí, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò nílò ègé kankan mọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò kúrò lẹ́nu. Ní Benin, "puce" kan náà ni à ń pe síìmù tẹlifóònù, nítorí náà létí ọmọ ibí, "pucer" dún bí ẹni pé a fún ẹ̀rọ ní láìnì. Kò burú. Ó sàn ju "pirater" lọ, èyí tó sọ ẹni tó ni ẹ̀rọ di olè orí òkun kó tó fi díìsìkì kankan sínú rẹ̀.

Yorùbá máa ní a "tú" ẹ̀rọ náà. Ohun tí a dè ni à ń tú, ẹni tó sì ni ẹran ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tú okùn ọrùn rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ibi tí ìjà wà gan-an nìyẹn: ṣé a ra ẹ̀rọ náà, àbí a kàn gba àṣẹ láti lò ó? Bọ́tìnnì sọ pé "Acheter", ìwé àdéhùn sọ pé "licence". Lọ́dún 2024, ìpínlẹ̀ California fọwọ́ sí òfin kan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025, pé òǹtajà kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ "rà" fún géèmù tàbí fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò ló ń gbà. Òfin lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò kan àpótí tí a gbé wálé, tó jókòó sórí tábìlì. Èyíinì, a rà á.

Ilé ẹjọ́ gíga Ọsirélíà náà ti dá ẹjọ́ tó yẹ kí a máa kà ní kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀. Lọ́dún 2005, nínú ẹjọ́ Stevens àti Sony, orí ìtumọ̀ àpólà kan ni gbogbo rẹ̀ dá lé: kí ni ọgbọ́n ẹ̀rọ tó ń "dáàbò bo" iṣẹ́ oníṣẹ́? Sony ní àgádágodo inú ẹ̀rọ òun ni. Ilé ẹjọ́ ní àgádágodo náà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtiṣe àdàkọ. Ó kàn ń kọ àdàkọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é tán. Stevens, tó ń ta puce, jàre. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún òfin kọ.

Nínú àwọn ilé géèmù tiwa, PlayStation 2 tí a tú ló jẹ́ kí eré bọ́ọ̀lù ṣì máa lọ. Pro Evolution Soccer 2014, tó jáde lọ́dún 2013, wà lára àwọn géèmù ìkẹyìn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn agbábọ́ọ̀lù ọdún yìí lórí rẹ̀, díìsìkì tí ọwọ́ àìmọ̀ ti tún ṣe ló máa rà. N kò sọ pé àdàkọ mọ́ bí omi: iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nínú rẹ̀, owó sì bọ́ sápò ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ní òun pàdánù kò ta ohunkóhun fún ẹ̀rọ yẹn mọ́.

"Bannir" ni tèmi pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́. Ènìyàn ni wọ́n ń "bannir" láyé àtijọ́: olóyè kéde, ẹni tó ṣẹ̀ kúrò nílùú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, Microsoft yọ àwọn Xbox 360 tí wọ́n ti tú kúrò lórí Xbox Live. Àwọn oníròyìn fojú bù wọ́n sí 600,000 títí dé mílíọ̀nù kan. Ẹ̀rọ ni wọ́n yọ. Ẹni tó tú u lè fi orúkọ rẹ̀ wọlé láti orí òmíràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n yọ ti wà lójú ọjà íntánẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ fi èyí sínú Yorùbá kí ẹ wò ó. "Ìjọba fòfin de sìgá" dára, nítorí gbogbo sìgá ni. "Wọ́n fòfin de Kọ́lá" dára, nítorí Kọ́lá lè ṣẹ̀. "Wọ́n fòfin de tẹlifíṣọ̀n Kọ́lá" máa jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ọ bèèrè pé kí ni tẹlifíṣọ̀n ṣe. Faransé kì í bèèrè.

Ìbéèrè náà kì í ṣe eré fún wa, nítorí tòkunbọ̀ la máa ń rà. Ẹ̀rọ gúnlẹ̀ sí Kútọnú, ó gba ọ̀nà Pàràkú bọ̀, ó dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tó fi owó oṣù méjì rà á kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá rí i pé wọ́n ti lé ẹ̀rọ òun kúrò ní ìlú tí òun kò tíì dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Nintendo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé òun lè sọ ẹ̀rọ tí wọ́n tú di aláìwúlò, lápá kan tàbí pátápátá. Èyí kọjá fífi òfin dè. Bíba nǹkan onínǹkan jẹ́ ni, ó sì yẹ kí atúmọ̀ èdè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ibi "contourner" ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn tó ń bá mi jókòó nílé géèmù. Ẹni tó bá mọ àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí "contourner" jẹ́. A yí òkè po, a kọjá, kò sí ohun tó ṣe òkè. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń padà wọlé. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, òun ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ lórí PlayStation 3 ni pé kí a yọ nọ́ńbà tí wọ́n ti dè, kí a fi ti ẹ̀rọ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà di ọjà, wọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á. Bí ilé-iṣẹ́ bá rí nọ́ńbà kan náà lórí ẹ̀rọ méjì, nọ́ńbà ló máa dè. Ẹni tó ni ín gan-an, tí kò fi skúrúdíráfà kan ẹ̀rọ rẹ̀ rí, lè wà níta bákan náà.

A kò lè pe èyí ní "tú". Okùn tí wọ́n so ṣì wà níbẹ̀. Ọrùn ẹlòmíràn la fi sínú rẹ̀. Yorùbá tó bá a mu ni pé "ó gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀ wọlé", ẹ sì rí i pé gbólóhùn náà kò lè pé láìdárúkọ ẹlòmíràn yẹn. Àwíjàre tí mo ń gbọ́ ni pé olówó ni ilé-iṣẹ́, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nọ́ńbà kọ́ ni ilé-iṣẹ́. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ tí wọ́n ti dè náà kò bọ́ níbẹ̀: wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, ó sì yẹ kí òǹtajà dá owó rẹ̀ padà, àmọ́ ìyẹn kò fún un ní nọ́ńbà ọmọ ọlọ́mọ.

N kò ka gbogbo ẹ̀tàn sí ọ̀kan náà. Benin kò sí nínú àkójọ orílẹ̀-èdè tí PlayStation Network mọ̀, nítorí náà ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń kọ "France" kó tó lè forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Sony ní kí àwọn tó ń ta Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà ní orúkọ lórí Network yìí, wọ́n yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170, kí ariwo àwọn eléré tó mú kí Sony yí ohùn padà. Irọ́ ni "France" yẹn. Fọ́ọ̀mù ló fipá mú un pa á, kò sì sí ará Faransé kankan tó pàdánù ohunkóhun.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé Yorùbá mọ́ ju Faransé lọ. "Dọ́gbọ́n" wà níbẹ̀, ó sì lè fi ènìyàn pamọ́ ju "contourner" lọ: "A dọ́gbọ́n sí i" kò ní àyè fún ẹnikẹ́ni tó fara gbá, ìyìn ló sì máa ń mú wá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà oníṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí wọ́n bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nọ́ńbà ta ni ó kọ síbẹ̀, yóò ní láti wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn.

Ní báyìí, ẹni tó bá gbọ́n nínú àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ kì í sanwó kó tó fi tẹlifóònù rẹ̀ so ẹ̀rọ náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lójú òǹtajà. Òǹtajà tí kò bá gbà, wọ́n á dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà sórí tábìlì.