Àlejò Kò Wá Wo Géètì

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá pe ará ilé ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ sọ fún wọn pé Okrika lẹ ń gbé, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rín. Lọ́dọ̀ tiwọn, òkìríkà kì í ṣe ìlú. Aṣọ ni, aṣọ àlòkù tí a ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé etí omi wa níbí ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé láyé àtijọ́, tí orúkọ ìlú fi di orúkọ aṣọ. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ìyá mi sọ lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé ṣé àwọn á rí kóòtù rà fún ọkọ àwọn. Mo ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ dé ná."

Wọ́n dé ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. Wọ́n gba Ọ̀rẹ̀, wọ́n gba Benin, wọ́n gba Warri àti Patani, pẹ̀lú owó ọkọ̀ Kérésì tí gbogbo wa mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, díákónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní ìjọ wọn nílé, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n díẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú àlejò tí ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí ètò ìgbádùn ọdún tí ìjọ wa ṣe fún àwọn àlejò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí a kéde lẹ́ẹ̀mẹta lórí pẹpẹ tí a sì tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ìgbìmọ̀ tó ṣe é: wọ́n ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì dé lákòókò, omi inú ọ̀rá kò tán, ọmọ kankan kò sọnù. Ẹni tó bá ti kó ọgbọ̀n ọmọdé jáde ní Port Harcourt lọ́jọ́ kejì Kérésì rí yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé wa yìí bá jẹ́ ìwé ìdúpẹ́ nìkan, a ò ní tún ohunkóhun ṣe láéláé, ètò ọdún yìí á sì tún rí bákan náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ètò náà. Ọjọ́ 26, Pleasure Park ní ojú ọ̀nà Aba. Ọjọ́ 27, ilé ìtajà ńlá kan tó ní sinimá. Ọjọ́ 28, wíwo ìlú láti inú bọ́ọ̀sì, ká wá fi kárọ̀ọ̀lù tiwa parí rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ sí Pleasure Park o. Ibẹ̀ dáa, àwọn ọmọ gbádùn ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì Kérésì, gbogbo Port Harcourt ló fẹ́ wà níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta la lò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. A dé géètì, a tò. A wọlé, a tún tò. Màmá rí bẹ́ǹṣì kan jókòó sí lábẹ́ igi, wọ́n fi hańkíṣíìfù funfun nu imú wọn, ohun dúdú jáde. Ẹ̀rù bà wọ́n. Èéfín ìlú wa ni, tí gbogbo wa ti ń bá yí láti ìparí ọdún 2016, tó ti mọ́ wa lára débi pé ẹnikẹ́ni kò rántí sọ fún àlejò kó má wọ léèsì funfun. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì gbàgbé: "Àwọn wo gan-an ló ni ìlú yìí? Láti àárọ̀, àlejò bíi tèmi nìkan ni mò ń rí."

Ibẹ̀ gan-an ni àléébù ètò wa wà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbé wọn láti géètì kan dé òmíràn. Nǹkan tó bá ní géètì àti tíkẹ́ẹ̀tì la kà sí ìgbádùn. Èyí tí kò bá ní, a gbà pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Oúnjẹ náà ńkọ́? Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù inú páàkì, lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irú èyí tí wọ́n jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹja yíyan àti ata elépo jẹ bọ̀ọ̀lì! Bọ̀ọ̀lì tí àwa ń fi ẹ̀pà jẹ nílé, tí ibí ti sọ di oúnjẹ ọba. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí bọ́ọ̀sì wa dúró sí lọ́jọ́ kejì ni obìnrin kan ti ń yan án. A kàn ń gbóòórùn rẹ̀ ni.

Kì í kúkú ṣe ìjọ wa nìkan ló ní àìsàn yìí. Lọ́dún 2004, nígbà Donald Duke, ni Calabar bẹ̀rẹ̀ Carnival tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù rí i bí àlejò ṣe ń ya lọ síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá, olúkúlùkù fẹ́ ní tirẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ Rivers ni Carniriv. Mo ti dúró lẹ́bàá títì wò ó rí: ìyẹ́ ẹyẹ aláràbarà, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ọmọge tó ń jó. Ó dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mú ijó tiwọn jáde, ìyẹn ló mú kí n gbàgbé pé oòrùn ń pa mí. Àwọn ìyá arúgbó tó ń wòran lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tó ń jó. Ìyẹ́ ẹyẹ kọjá, kò sẹ́ni tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo Fanti Carnival ní Erékùṣù Èkó, èyí tí àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn ará Campos àti Lafiaji. Àdúgbò ló ni ìyẹn, kì í ṣe ọ́fíìsì. Àlejò tó bá lọ wò ó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn ló dúró sí.

Mo padà sí ọjọ́ 28, ọjọ́ wíwo ìlú. Ọmọkùnrin wa tó ń júwe ọ̀nà nínú bọ́ọ̀sì ní, "Ẹ wo apá ọ̀tún yín, Isaac Boro Park nìyẹn." Àlejò kan béèrè pé ta ni Boro. Ó ní, "Sójà kan báyìí ni." Bọ́ọ̀sì ń lọ.

Ẹ̀yin ará, ó dùn mí. Isaac Adaka Boro ló kéde Niger Delta Republic ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, ọdún 1966, tí ọ̀rọ̀ náà kò ju ọjọ́ méjìlá lọ tí ìjọba fi ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ìhà ìjọba àpapọ̀ ló ti jà, ọdún 1968 ló sì kú ní Ogu. Ogu wo? Ogu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tí àwọn ọmọ ìjọ wa ń ná ọjà rẹ̀. A kó àwọn èèyàn láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkùnrin náà ti kú, a wà wọ́n gba inú ìlú lọ wo ọgbà tí wọ́n fi sọ orí rẹ̀, a ò sì lè sọ gbólóhùn méjì nípa rẹ̀. Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi. Ta ló kọ́ ọ? Èmi náà wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, mo sì panu mọ́.

Ohun tí kò sí nínú ètò rárá ló gba ọdún náà là. Ní ọjọ́ 29, láàárọ̀, onílé wa kan ilẹ̀kùn. Opó ni wọ́n, ọmọ Okrika pọ́ńbélé. Wọ́n gbé àwo kan tí wọ́n fi aṣọ bò dání. Onunu ni: iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ epo, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù nínú abọ́ mìíràn. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé iyán lèyí ni àbí àsáró?" Kí n tó rí èsì fún wọn, wọ́n ti dé ìdajì àwo.

Onílé bi mí pé ibo ni mo ti mú àlejò mi dé. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, "Okrika fúnra ẹ̀ wá ńkọ́?" Ojú tì mí. Wọ́n di Màmá lọ́wọ́ mú, wọ́n ní ká máa bọ̀.

Ẹsẹ̀ la fi rìn. A dé etí omi, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń fi ọkọ̀ kékeré díje tí àwọn obìnrin ń ṣa ìṣáwùrú. Ilé mẹ́rin la yà, gbogbo wọn ló kún fún àwọn tó ti Èkó àti Abuja dé, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ti Amẹ́ríkà wá sin ìyá rẹ̀ tó sì dúró ṣe ọdún. Píjìn díẹ̀ ni Màmá gbọ́, Yorùbá kankan kò sí lẹ́nu onílé wa. Ṣùgbọ́n ní ilé kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn kan ní èdè wọn, Màmá mọ ohùn rẹ̀, wọ́n sì fi Yorùbá gbè é. Orin náà kò dàrú.

Ibẹ̀ ni onílé wa ti sọ̀tàn fún wọn. Wọ́n ní kí míṣọ́nnárì kankan tó wá gbé Okrika ni àwọn baba àwọn ti kọ́ ilé ìjọsìn fúnra wọn, tí wọ́n wá ọmọ ilé-ìwé kan láti Brass kó máa ka ìwé àdúrà fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Òótọ́ ni o; ní nǹkan bí ọdún 1880, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther fúnra rẹ̀ ròyìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyanu. Bí onílé ṣe pe Crowther báyìí, Màmá na ọwọ́ sókè: "Àjàyí? Àjàyí ọmọ Òṣogùn?" Òun náà ni. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dé Bonny láàárín ọdún díẹ̀ sígbà náà. Dandeson ọmọ rẹ̀ ló wà níwájú nígbà tí wọ́n dá Niger Delta Pastorate sílẹ̀ ní 1892. Màmá ní kí wọ́n tún mú àwọn padà sí etí omi. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Omi yìí náà ni Àjàyí rìn lórí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi." Mo ti lo ọdún mọ́kànlá ní ìlú yìí. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n dáadáa tó láti sọ.

Lọ́sàn-án, ìlù bẹ̀rẹ̀, eégún jáde. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbójú sókè báyìí. Mi ò ní díbọ́n pé eré lásán ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀mí omi wà nídìí irú eégún bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì gbà á, kó jókòó sílé onílé wa kó máa jẹ ẹja. Màmá dúró níbi tí wọ́n ní kí obìnrin dúró sí, wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní, "Mo rí i, mi ò sì bọ ọ́," a bá tirẹ̀ lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Ohun tí mi ò lè gbà ni ká fi eégún ṣe àwáwí tí a ò fi ní kí aládùúgbò wa rárá.

Mo bá ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, pé omi léwu, pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wà. Mi ò ní fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Àwọn àgbà ìjọ tó wà níbí ní 2003 àti 2004 kò lè gbàgbé ohun tí ojú wọn rí. Àmọ́ a ò wọkọ̀ ojú omi kankan lọ́jọ́ náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la sì ti wà nílé. Ní ọjọ́ Pleasure Park, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá ká tó rí ọ̀nà refinery. Èwo ló léwu jù nínú méjèèjì? Ẹ sì jẹ́ ká rántí owó tí a ní kí olúkúlùkù dá: ìdílé méjì wà nínú ìjọ wa tí àlejò wọn jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí rẹ̀. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi ló gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún.

Màmá lọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní pẹ̀lú àpò ìṣáwùrú kan, láìsí kóòtù. Títí di òní, bí wọ́n bá pè mí, onílé wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè.

Mo gbọ́ pé ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ètò tọdún yìí ní ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù Kẹwàá. Ẹ fi Pleasure Park sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kó jẹ́ ọjọ́ kan péré, kó má sì jẹ́ ọjọ́ 26. Ẹ fún wa ní ọjọ́ kan ní Okrika. Mo ti bá onílé wa sọ ọ́. Wọ́n ní àga mẹ́jọ ló wà ní pálọ̀ àwọn, nítorí náà kí ẹ má kó ju èèyàn mẹ́jọ wá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tètè sọ fún àwọn, ṣé àwọn Yorùbá yẹn ń jẹ ata dáadáa.